Oorun tí Ràímì Onítìmùtìmù Sùn ní Ìyànà-Ìbà

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tí ó ti pẹ́ ní Òkókómáíkò, ẹ bi í léèrè Ràímì Onítìmùtìmù. Kò ní kọ́kọ́ sọ ìlú tí ó ti wá fún yín, kò sì ní sọ ọdún tí ó kú. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò nu ojú, yóò wá ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ti oorun tó sùn ní ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀?" Bí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́, yóò tún un sọ.

Ọdún tí owó Údójì jáde ni. Ìjọba ti bu owó lé owó oṣù òṣìṣẹ́, owó epo ń ṣàn bí omi òjò, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lójú òkun. Ọkọ̀ ojú omi tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú Apápá, wọ́n ń dúró de àyè tí wọn yóò ti já ẹrù. Ohun tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é fún wa báyìí: bàtà, abọ́, ẹní, títí kan ìtayín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nǹkan kì í bèèrè bóyá ó dára mọ́. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá ó wọkọ̀ wá.

Nígbà náà ni Jímọ̀ Owólabí, ọmọ onílẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́, gba ṣọ́ọ̀bù sí Ìyànà-Ìbà, tí ó kó fóòmù òkè òkun kún un dé àjà. Fóòmù náà funfun, ó rọ̀, bí ọmọdé bá jókòó lé e yóò rì dé ìdí. Títí di ọjọ́ náà, orí tìmùtìmù tí Ràímì Àtàndá ń rán ni àwọn ará àdúgbò ń sùn, láti Òkókómáíkò dé Ìbà. Èèpo àgbọn tí wọ́n lù títí ó fi dà bí irun ni ó ń kì sí ìsàlẹ̀, òwú àràbà ni ó ń tẹ́ sókè, abẹ́rẹ́ tí ó gùn bí apá ọmọdé ni ó sì fi ń rán an pọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ti fóòmù, ó ní àrùn ni. Ó wọ agbádá, ó sì ké sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tẹ̀lé òun wá jẹ́rìí.

"Jímọ̀!" ó pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lò ń ta ohun tí ò léegun fún àwọn ará ìlú?"

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Dídùbúlẹ̀ ni mo wá dùbúlẹ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó gbé fìlà fún aládùúgbò kan, ó na ara gbalaja sórí fóòmù tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé ìka sókè bí ààfáà tí ó fẹ́ ṣe wáàsí. "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ibi tí fóòmù ń ṣe fún èèyàn, ọ̀nà mẹ́ta ni. Ìkíní, ó máa ń…"

Ìka náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ó ń ronú. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́, pé Bàbá ń wá ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò jáde, imú ni ó gbà jáde, ó sì rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ tí ó wà níta fi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Wọ́n dúró de ìkejì títí, wọn kò gbọ́. Àwọn tí wọ́n wá jẹ́rìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ àwọn fóòmù yòókù wò. Obìnrin kan ní bí ó bá lè pa Ràímì lẹ́nu mọ́, yóò pa ọkọ òun náà lẹ́nu mọ́. Ó ra ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

Jímọ̀ ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa páálí kan ya, ó ń fi lé eṣinṣin kúrò lójú àgbàlagbà náà. Bí oníbàárà bá fẹ́ pariwo, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Bàbá ń sinmi." Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Wúràọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ràímì bí, pé kí ó wá mú bàbá rẹ̀ lọ sílé. Wúràọlá dé, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ń tọ́jú ọmọ tuntun. Ó wò ó títí kí ó tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Bàbá mi, ẹ dìde."

Ràímì la ojú. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó rí àjà, ó rí èrò tí ó yí i ká. Ó tún gbé ìka sókè.

"Ìkejì," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò sùn. "Dídákú ni mo dákú. Ohun tí mo ń sọ fún wọn náà nìyẹn, pé ó ń pa èèyàn."

"Bàbá mi, ẹni tó dákú kì í hanrun."

"Ẹni tó bá dákú sórí ọjà òkè òkun, ó ń hanrun dáadáa."

Kí ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní aláwàdà lásán o. Ràímì mọṣẹ́. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, Ìdúmọ̀tà ni ó ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é, tirẹ̀ nìkan ni. Kò sí ẹni tí ó lè wọlé ra tìmùtìmù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ra iyọ̀. Yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sí àgbàlá, yóò ní kí oníbàárà dùbúlẹ̀ bí ó ti máa ń sùn nílé, òun yóò jókòó ti í, yóò máa wò ó. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ó ní bí yóò ṣe kì í níbi èjìká. Ẹni tí ó bá ń fẹ̀yìn lélẹ̀, ibi ìbàdí ni yóò ti le. "Ẹní ni gbogbo ayé lè jọ sùn lé," ni ó máa ń wí. "Tìmùtìmù ní ẹni tó ni ín."

Ìgbà kan, Sàlàkọ́ tí ó ń wa mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì mú ìyàwó rẹ̀ Àrínọlá wá. Ràímì ní kí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀.

"Ta ló ń kọ ẹ̀yìn sí ta?" ni ó bèèrè.

"Òun ni," ni Sàlàkọ́ dáhùn. "Ó tún máa ń fẹsẹ̀ tì mí."

Àrínọlá dìde jókòó. "Mi ò ní fẹsẹ̀ tì ẹ́? Bàbá, ẹ gbà mí! Ó máa ń wa mọ́tò lójú oorun. Apá mi ló ń fi ṣe jíà!"

Ìjà dé lórí ẹní. Ràímì bá wọn parí rẹ̀ bí ó ti lè ṣe é mọ, ó wá rán òkìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín tìmùtìmù wọn, kí ọwọ́ awakọ̀ má baà dé ìdí jíà mọ́. Kò pẹ́ tí tọkọtaya náà fi gbé tìmùtìmù padà wá. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní kí ó jọ̀wọ́ bá àwọn tú òkìtì náà. Ràímì kò bèèrè ìdí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, orin ni ó ń kọ títí ó fi tú u tán.

Ọmọbìnrin tí ó bá ń lọ sílé ọkọ ní àdúgbò wa nígbà náà, tìmùtìmù Ràímì ni ó máa ń ṣáájú ẹrù rẹ̀. Òun náà sì ti búra ní gbangba: "Ọjọ́ tí Wúràọlá bá lọ sílé ọkọ láìsí tìmùtìmù mi nínú ẹrù ẹ̀, màá ju abẹ́rẹ́ mi sínú ọ̀sà. Iṣẹ́ mi parí nìyẹn." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìbúra náà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ, Ràímì lọ sọ fún un nílé.

Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí ó ń bọ̀. Jímọ̀ ni.

"Bàbá, mo ní kí n yà wò yín, bóyá ara yín ti balẹ̀ lẹ́yìn ìdákú ọjọ́sí."

"Ó ti balẹ̀. Máa lọ."

Ó lọ, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti wò bóyá ó ṣì balẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìyàwó Ràímì, Àdìjá, tí ó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, ti ń fi àkàrà gbígbóná pa mọ́ fún un. Wúràọlá náà kì í sì í lọ síbikíbi mọ́ bí ó bá ti di àkókò tí Jímọ̀ ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ní gbogbo àkókò yìí, fóòmù ń wọ ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn ìyá Ègùn tí wọ́n ń lu èèpo àgbọn létí ọ̀sà kò rí ẹni tà á fún mọ́, wọ́n fi ń dáná. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ràímì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn di kọ̀ńdọ́, òmíràn gba iṣẹ́ lébìrà níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì Àgbádárìgì. Ràímì kò bú wọn. Ó ń sìn wọ́n dé títì, ó ń ṣàdúà fún wọn, á wá padà sídìí tìmùtìmù tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn ún gan-an. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í fi ìrora ṣe ìpolówó ni.

Ọjọ́ kan, ó já fóòmù díẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó rí i pé ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó sáré lọ bá Àdìjá.

"Àdìjá, kí ló ń jẹ́ kí inú àkàrà ní ihò wẹ́wẹ́?"

"Pípò ni. Bí mo bá pò ó dáadáa, atẹ́gùn á kó sí i, á wú."

Ràímì pàtẹ́wọ́. "Alihamudulilahi! Àkàrà làwọn òyìnbó ń dín!"

Ó wọkọ̀ lọ sí oko rọ́bà kan lápá Ìjẹ̀bú, ó gbé oje igi rọ́bà bọ̀ nínú agolo. Ó dà á sínú odó tí Àdìjá fi ń po àkàrà, ó bu omi ọṣẹ sí i kí ó lè hó, ó sì ní kí obìnrin náà máa pò ó. Àdìjá ní òun kò po irú èyí rí. Ràímì ní òyìnbó náà kò po irú rẹ̀ rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àdìjá pò ó, pò ó. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, nǹkan náà wú lóòótọ́! Ó hó, ó funfun, ó fẹ́ẹ̀ kún odó. Ràímì ń jó yí i ká.

"Jẹ́ kó sinmi díẹ̀," ni ó wí, "bí o ṣe ń ṣe fún àkàrà."

Wọ́n lọ kí ìrun Ásárì. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ odó dúró ṣánṣán láàárín odó, kò gbọ̀n, kò mì. Rọ́bà ti dì mú un. Àwọn ọkùnrin fà á, odó bá a dìde. Sàlàkọ́ so okùn mọ́ ọmọ odó, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó ṣáná sí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé mọ́tò ń lọ, ọmọ odó ń tẹ̀lé mọ́tò, odó ń tẹ̀lé ọmọ odó, Àdìjá sì ń sáré tẹ̀lé odó káàkiri Òkókómáíkò, ó ń ké, "Odó ìyá mi o! Ẹ bá mi dá odó ìyá mi dúró!"

Kò sí àkàrà lọ́sẹ̀ náà. Àdìjá kò bínú sọ̀rọ̀. Ó gbé odó náà kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ lásìkò oúnjẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Wúrà, fóòmù yín ti jinná. Ẹ wá jẹun."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ẹbí Jímọ̀ fi wá tọrọ Wúràọlá. Ràímì fẹ́ràn Jímọ̀, kò lè fi ìyẹn pa mọ́ mọ́. Ó ní, "Jímọ̀, mo gbà. Ọmọ gidi ni ẹ́. Ṣùgbọ́n orí tìmùtìmù mi lọmọ mi máa sùn."

Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ohun tí Wúrà bá fẹ́ ni. Bó ní orí àpáta la máa sùn, màá sùn síbẹ̀."

Wọ́n pe Wúràọlá. Ó kúnlẹ̀, ó wo ojú bàbá rẹ̀. "Tìmùtìmù yín ni mo fẹ́, Bàbá mi."

Inú Ràímì dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun. Ó ṣa òwú àràbà bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Ó lọ sétí ọ̀sà, ó ní kí àwọn ìyá Ègùn lu èèpo àgbọn tí kò ní pàǹtí kankan nínú, pé ti ọmọ òun ni.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wọ yàrá Wúràọlá lówùúrọ̀ kan láti jí i fún ìrun Àsùbáà. Ó bá a tí ó ń sùn. Ó ti ká tìmùtìmù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wá to àwọn gígé fóòmù pọ̀ lórí ẹní, èyí tí ó rọra tọrọ lọ́wọ́ Jímọ̀, ó dùbúlẹ̀ lé wọn. Láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń yí kiri lójú oorun, tí yóò máa họ ara, tí yóò ní èèpo àgbọn ń yún òun. Lọ́jọ́ yìí, kò mira.

Ràímì mọ oorun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò jí i. Ó jáde, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni Àdìjá sì bá a. Àdìjá ni ó sọ fún wa, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ohun tí ó jẹ́wọ́ fún òun lówùúrọ̀ náà. Ó ní oorun tí òun sùn ní ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀, òun kò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá òun ti sọ òun kalẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ yìí parọ́ fún mi, Àdìjá, torí ó fẹ́ràn mi. Bí mo bá gba irọ́ ẹ̀, á máa yí kiri nílé ọkọ títí ayé, torí abẹ́rẹ́ mi."

Ọjọ́ náà gan-an ni ó gba ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ lọ.

"Èló ni fóòmù yìí?"

Jímọ̀ dárúkọ owó kékeré kan. Ràímì bínú. "Ṣé sàráà lo fẹ́ ṣe fún mi ni? Gbówó lé e!"

Jímọ̀ gbówó lé e.

"Ó ti pọ̀ jù! Kí ló wà nínú ẹ̀? Gbé e wò. Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ lò ń tà, Jímọ̀, Ọlọ́run ò sì gbowó afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan."

"Bàbá, afẹ́fẹ́ òkè òkun ni. A san kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ẹ̀."

Wọ́n ná an títí ohùn àwọn méjèèjì fi há. Nígbà tí wọn yóò fi parí rẹ̀, Ràímì ti san ju iye tí Jímọ̀ kọ́kọ́ pè lọ, ó sì rìn jáde bí ẹni tí ó rọ́jà rà.

Ìròyìn tàn. Àwọn aláìníṣẹ́ ti lọ jókòó sétí ọ̀sà láti wo abẹ́rẹ́ tí yóò wọ omi. Ràímì ní tirẹ̀ tẹ́ fóòmù sí àgbàlá, ó tú aṣọ onílà kan tí ó nípọn, ó sì fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Bàbá Wúrà," ni Àdìjá wí, "ọ̀sà ń dúró dè yín o."

"Kó máa dúró. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi gbé ohun tó wà níhòòhò wọlé ọkọ ni?"

Ó rán aṣọ fún fóòmù náà. Ó rán an tọ̀sántọ̀sán, ó ń tú ibi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ń tún un rán. Ojú okùn náà sún mọ́ra bí èso ọkà. Nígbà tí Wúràọlá rí i, ó mọ̀ pé bàbá òun ti mọ irọ́ òun. Ó fi orí lé èjìká rẹ̀, Ràímì sì ní kí ó ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Orí ara rẹ̀ ni ó gbé e lé, láti Òkókómáíkò dé Ọ̀jọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ó ní ẹrù náà ló wúwo.

Kò fi bẹ́ẹ̀ rán tìmùtìmù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ fóòmù ni ó ń rán, Jímọ̀ ni ó sì ń kó oníbàárà wá fún un. Ó ń ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá Ègùn sọ pé ó ṣì máa ń wá sétí ọ̀sà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á bu èèpo àgbọn sọ́wọ́, á nà án wò, á rọra dá a padà. Ó kú ní ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wa la sìn ín dé ibojì.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Wúràọlá padà sílé ọkọ rẹ̀, ó sì bọ́ aṣọ fóòmù náà láti fọ̀ ọ́. Fóòmù inú rẹ̀ ti jìn ní àárín, etí rẹ̀ sì ń rún bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Èyí kọ́ ni wọ́n fi ṣègbéyàwó. Ti àkọ́kọ́ ti di ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó yẹ aṣọ náà wò lójú oòrùn, kò sí ojú okùn kan tí ó tú.

"Màá mú tuntun bọ̀ lọ́la," ni Jímọ̀ wí.

"Má mú un wá."

Wúràọlá lọ sétí ọ̀sà, ó ra èèpo àgbọn lọ́wọ́ ìyá Ègùn kan tí ó ti darúgbó. Ìyá náà bi í pé ta ló kù tó tún ń rán nǹkan yìí. Ó ní òun ni. Àárín èèpo àgbọn ni wọ́n bí i sí, ó rò pé ọwọ́ òun yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá pè é pé kó wá bá òun di etí tìmùtìmù mú, sísá ni ó máa ń sá, á ní ó ń yún òun. Ó kì í, ó tú u, ó tún un kì. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Ó lọ bá ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó di kọ̀ńdọ́, ìyẹn ní òun ti gbàgbé. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bi. Ó padà wá, ó rán an bí ó ti rí.

Jímọ̀ dé láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó dùbúlẹ̀ lé e.

"Wúrà."

"Hẹ̀n?"

"Ebè iṣu wà lábẹ́ ẹ̀yìn mi."

Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó rín in títí ó fi di ẹkún, Jímọ̀ sì fà á mọ́ra.

"Bàbá ì bá tú u," ni Wúràọlá wí.

"Ì bá tú u pátápátá. Ì bá sì bú wa kún un."

"Ṣé kí n tú u?"

Jímọ̀ yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, títí ó fi rí àyè láàárín ebè méjì.

"Fi sílẹ̀," ni ó wí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Jímọ̀ ṣì ń ta fóòmù ní Ìyànà-Ìbà. Á tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà, á yìn ín, á ní kò sí irú rẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á tilẹ̀kùn, á lọ sílé, á lọ dùbúlẹ̀ sórí èyí tí ìyàwó rẹ̀ rán. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìgbà tí Wúràọlá ní kí àwọn kúkú pààrọ̀ rẹ̀, òun ni kò gbà.